Ẹni ọdún 52 tó mọ iṣẹ́ sítọ́ọ̀ dunjú, ibo ló ti lè rí iṣẹ́ ní Ìkòròdú láìparọ́ ọjọ́ orí?

Ìyá Sítọ́ọ̀, Ìgbógbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà kó bá mi dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi.

Ọdún 52 ni mí. Láti 2004 ni mo ti wà ní sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Odógunyàn, n ò ní í dárúkọ wọn. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tó fi mí ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú wóró ike tí ẹ̀rọ ń yọ́. Àwọn lódà ló sọ mí ní Ìyá Sítọ́ọ̀, orúkọ náà mọ́ mi lára títí tí àwọn ọ̀gá pàápàá fi ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Òkè òkun ni wóró ike yẹn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, àwọn kan kọ́kọ́ lọ nínú wa. Nígbà tó tún di oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná lò jù, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru di èyí tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán nìkan. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún wa ní ìwé. Wọ́n san owó oṣù wa pé, wọ́n fi ti oṣù kan lé e. N ò bá wọn jà.

Látìgbà náà ni mo ti ń wá iṣẹ́. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ géètì, gbogbo èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 35 lọ. Òmíràn ní 30. Iṣẹ́ tí mo fi ogún ọdún ṣe ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ o! Kí onítọ̀hún mọ wébíìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, kó mọ bíìnì kádì tí wọ́n ń kọ iye ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sí, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ní ìparí oṣù. Kò sí èyí tí n ò mọ̀ níbẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ń lé mi padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo mọ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àpò wóró ike kan, kílò 25 ni. Àpò 40 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Bí ọkọ̀ bá gbé tọ́ọ̀nù 30 wọlé, àpò 1,200 ni mo gbọ́dọ̀ rí. Àwọn ọmọ tó ń já ẹrù máa ń to àpò márùn-ún sí ìpele kan lórí páléètì, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, mẹ́ta níbùú, méjì lóròó, ìpele mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ jí i kì í yọ ọ́ lókè, kì í sì í yọ ọ́ níwájú. Ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri ló ti máa ń yọ ọ́. Bí ẹ bá dúró síwájú, ẹ ó kà á, á pé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni ti páléètì mọ́ ògiri nígbà tí mo wà níbẹ̀. Àyè tí èèyàn lè gbà kọjá gbọ́dọ̀ wà, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń gbà á kọjá. Mo tún máa ń wo okùn tí wọ́n fi rán ẹnu àpò. Bí àwọ̀ okùn kan bá yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù, ẹ gbé àpò yẹn sórí òṣùwọ̀n, kò ní í pé kílò 25. Wọ́n ti bù nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n tún un rán ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí nìyí. Àbúrò ọkọ mi ní kí n lọ sí kọ́ọ̀tù lọ búra ọjọ́ orí, kí n yọ ọdún 17 kúrò, kí n di ẹni 35. Ó ní kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Mi ò fẹ́ ẹ. Àkọ́bí mi ti pé 27. Bí mo bá di ẹni 35, ọmọ ọdún mélòó ni mo wà nígbà tí mo bí i? Ìyá mi ṣì wà láyé, àbúrò tó tẹ̀ lé mi wà, wọ́n mọ ọdún tí wọ́n bí mi. N ò lè máa bá gbogbo wọn parọ́ kiri nítorí iṣẹ́.

Ẹlòmíràn tún wà, tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ kó òṣìṣẹ́. Ó ní òun á mú mi wọlé bíi kásúà, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, kì í ṣe sítọ́ọ̀ o, ibi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí ni, ìdúró wákàtí méjìlá. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú ₦30,000 wá fún fọ́ọ̀mù.

Mo ní owó díẹ̀ nínú pẹ́ńṣàn mi, àwọn kan sì ní kí n gbà á kí n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bú ẹni tó ń tajà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo mọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ara mi ṣì le, mo ṣì lè fi ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti lé ní 50 tó rí iṣẹ́ gidi gbà ní agbègbè wa yìí? Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Adé, Àgríìkì

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ọ́fíìsì tó ń gba òṣìṣẹ́ ni mo wà, ní Ìkẹjà. Ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀ ni màá sọ.

Ẹ má lọ búra o. Mo bẹ̀ yín. Ọjọ́ ìbí yín wà lórí NIN, ó wà lórí BVN, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn yín. Bí ìwé kan bá ń sọ ti ẹ̀, tí òmíràn ń sọ ti ẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ìwé báńkì wá ni àṣírí á tú. Mo ti rí ẹni tí a ti gbà, tó ti jókòó sídìí iṣẹ́, tí wọ́n tún ní kó máa lọ nítorí ìwé méjì tí kò bára mu. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ gba pẹ́ńṣàn, ẹ̀ ń ṣàlàyé náà nìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, ìbúra èké ní kọ́ọ̀tù, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ni lábẹ́ òfin. Ohun tí ọkàn yín sọ fún yín lórí rẹ̀, ẹ dì í mú.

Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ kọ ọjọ́ ìbí sínú CV. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ yọ iye ọmọ, ẹ yọ ẹ̀sìn, ẹ yọ ọdún tí ẹ jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un lójúkojú. Ẹ ò parọ́ fún ẹnì kankan báyẹn. Ohun tí ẹ kọ síbí nípa àpò 1,200 àti okùn ẹnu àpò, ibẹ̀ ló yẹ kó wà, lójú ewé àkọ́kọ́. CV tí mò ń rí, "mo jẹ́ olóòótọ́, mo lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn" ló kún inú wọn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìyẹn. Ìwọ̀nba ló lè kọ tiyín.

Ẹ̀yin ẹ rò pé ọ̀gá sítọ́ọ̀ ló ń kọ 35 yẹn? Kì í ṣe òun lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa la ń kọ ọ́. Bí ìwé ìwáṣẹ́ bá pọ̀ kọjá èyí tí a lè kà, a máa ń wá ohun tí a máa fi tètè dín in kù, ọjọ́ orí ló sì yá lọ́wọ́ jù. Kò dáa, mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kò dáa. Òfin ò sì tíì dè wá lórí rẹ̀. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, èyí tó ní kí wọ́n má ṣojúsàájú, ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú ló kà. Ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kí àwa tó wà ní géètì rí yín rárá. Ẹ bá mánéjà sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n máa bi léèrè bí ẹrù bá dín, òun ló sì mọ̀ pé irú yín ṣọ̀wọ́n.

Oní-₦30,000 yẹn, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bá kó èèyàn ló yẹ kí owó rẹ̀ ti wá. Bí ẹ bá tilẹ̀ wá ṣe kásúà níbì kan, ẹ rántí pé Òfin Iṣẹ́ sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta, ẹni tó gbà yín gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó ka iṣẹ́ yín, owó yín àti àsìkò iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n fi ṣe kásúà fún ọdún gbọọrọ nítorí pé wọn ò mọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ Excel?

Tọ́pẹ́, Èbúté

Àǹtí wa, ẹ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gba owó pẹ́ńṣàn yín, ẹ ra fírísà méjì, ẹ máa ta ẹja òkú èkó àti adìẹ. Ìkòròdú ń kún sí i lójoojúmọ́, gbogbo èèyàn ló ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti kọ́lé. Iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ìwé kan lé yín níbẹ̀, ẹ tún fẹ́ padà síbẹ̀?

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́

Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹni ọdún 61 ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n ó sì jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́la.

Tọ́pẹ́, mo gbọ́ tìẹ, ṣùgbọ́n ìyá yìí ní iṣẹ́ sítọ́ọ̀ lòun fẹ́. Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn ohun tó béèrè.

Ohun tí ọmọ wa Adé sọ dáa, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ géètì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó máa gba àwa kì í dé ara géètì. Ẹ wo ojú ọ̀nà Ṣàgámù, láti Ìta-Ẹlẹ́wà títí dé Odógunyàn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó mọ ọgbà gíga nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn dípò, ìyẹn ilé ẹrù tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì, wà, àwọn onírin wà, àwọn tó ń ta fíìdì adìẹ àti ti ẹja wà, àwọn ọlọ́dà wà, ilé ìwòsàn aládàáni tó ní yàrá oògùn wà. Ilé ìrẹsì tí ìjọba Èkó kọ́ sí Ìmọ̀tà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023, àpò oníkílò 50 tó tó mílíọ̀nù 2.8 ni wọ́n ní ó lè mú jáde lọ́dún bó bá ń ṣiṣẹ́ dé ojú ìwọ̀n. N ò ní kí ẹ lọ tò síwájú géètì wọn. Àwọn alágbàtà tó ń gbé ẹrù nírú ibẹ̀ ni mò ń wí. Ọkọ̀ tó bá gbé 600 àpò jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á wọlé níbòmíràn.

Gbogbo wọn ló ní ilé ẹrù. Wọn kì í sì í kọ 35 sí ibi kankan, torí wọn kì í lẹ ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀gá ló wà nídìí ẹrù, tàbí ọmọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀ṣì mú wá. Ohun tó ń dun ọ̀gá yẹn kì í ṣe pé kò rí ọ̀dọ́ gbà, ọ̀dọ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà tó ń dín ló ń dùn ún. Ẹni tó bá lè fi ibi tí ọjà rẹ̀ ń gbà jáde hàn án, kò ní í bi í ní ọdún tí wọ́n bí i.

Bí tèmi ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ti lé ní 55 nígbà tí ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ kógbá sílé. Ní ẹ̀ka tí ẹrù ń gbà jáde ni mo ti ṣiṣẹ́, nítorí náà àwọn awakọ̀ mọ̀ mí dáadáa. Àwọn ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: awakọ̀ tírélà ń ti ilé ẹrù kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń kà dáadáa, ó mọ ibi tí wọ́n kì í ti í kà rárá, ó sì mọ ọ̀gá tó ń pariwo. Awakọ̀ kan ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta fíìdì ẹja, nítòsí ọgbà àwọn ọlọ́sìn ẹja tí ìjọba Èkó ṣe sí Odógunyàn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ka ọjà yín lọ́jọ́ Sátidé kan."

Iye àpò pé. Wọ́n ti kà á kí n tó dé, ó pé. Owó ni kì í pé. Ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, wọ́n ti ń fura sí akọ̀wé owó. Ẹ̀yin tó ń sin ẹja á mọ̀ pé fíìdì oníwóró kékeré, mílímítà 2, tí ọmọ ẹja ń jẹ, ó wọ́n ju mílímítà 9 tí ẹja ńlá ń jẹ. Àpò wọn jọra, kílò 15 ni àwọn méjèèjì, nọ́ńbà kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àpò ló yàtọ̀. Ọmọ tó wà níbẹ̀ á ta mílímítà 2, á kọ mílímítà 9 sínú ìwé, ìyàtọ̀ owó á wọ àpò tirẹ̀. Bí wọ́n bá wá ka gbogbo àpò pọ̀, á bá ìwé mu. Mo kàn to nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ ni, mo sì kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mílímítà 2 dín, mílímítà 9 lé. Ọ̀gá náà jókòó sórí àpò, kò lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ lè fi okùn ẹnu àpò mọ èyí tí wọ́n bù nínú rẹ̀, kí lẹ̀ ń wá ní géètì?

Ìyáàfin Bọ́lá, Sábó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pẹ́ńṣàn, torí mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí omijé nídìí rẹ̀.

Tọ́pẹ́, kò rí bí o ṣe sọ ọ́, pé kí ìyá kàn lọ kó owó wọn. Ẹni tí kò tíì pé 50 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò rí òmíràn, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ ló lè gbà. Ẹni tó ti lé ní 50 bíi ti ìyá wa lè ní òun ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á fún wọn ní díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á máa wá díẹ̀díẹ̀, bóyá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó náà tàbí láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 sọ pé ohun tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ tó èyí táá máa mú owó wá fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn. Bí owó inú àkáǹtì ò bá pọ̀, ohun tí wọ́n máa rí gbà lẹ́ẹ̀kan lè má ra fírísà kan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án báyìí, mà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó ń lé díẹ̀díẹ̀ níbi tó wà. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tuntun, nọ́ńbà RSA yín, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín, náà ni ẹ máa gbé lọ síbẹ̀, ẹ ò ní í ṣí òmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ gba ìwé àkáǹtì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì jókòó tì í. Láti 2014, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín ló yẹ kó máa wọlé, 8 láti ọ̀dọ̀ yín, 10 láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti sanwó oṣù ló yẹ kí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ tí nǹkan ò bá rọgbọ fún, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ mú nìyẹn: wọ́n á yọ 8 lára yín, wọn ò ní í fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí oṣù tó fò, ẹ kọ ìwé sí PenCom, kí ẹ fi ìwé owó oṣù yín tì í. Owó ìtanràn wà lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí gbèsè náà, àkáǹtì ẹ̀yin tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló sì máa wọ̀. Ẹ̀yin tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá àpò tó dín, ẹ wá ti ara yín náà.

Ìyá Sítọ́ọ̀, Ìgbógbó

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Ìyáàfin Bọ́lá, mo ti gba ìwé náà, oṣù mélòó kan fò nínú rẹ̀ lóòótọ́, ní 2023. Ìwé owó oṣù mi wà nílé, n kì í da ìwé nù. Mo ti ń kọ ọ́.

Adé, mi ò mọ Excel. Ọmọ kan ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ibi iṣẹ́ wa, èmi ni mo máa ń ka nọ́ńbà fún un láti orí bíìnì kádì. Ṣé ọjọ́ orí mi ṣì lè kọ́ ọ?

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́, ohun tí ẹ sọ wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ ka ọjà fún èèyàn, tó mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà, tó wá ní kí n máa lọ ńkọ́? Obìnrin ni mí, wọ́n á ní mo wá ṣe amí. Èló sì ni kí n ní kó san, bó bá gbà mí?

Adé, Àgríìkì

Mà, bíìnì kádì tí ẹ ti ń kọ láti 2004, òun náà ni Excel o. Ẹ gba kọ̀ǹpútà ọmọ yín, ẹ ṣí ojú ewé òfìfo, ẹ kọ àwọn orí ọ̀rọ̀ yìí sókè láti ọwọ́ òsì: ọjọ́, nọ́ńbà wébíìlì, èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù. Èyí tó kù ló máa bọ́ sábẹ́ E. Ẹ kọ iye tó wà nílẹ̀ sí E2. Tó bá kan ìlà kẹta, ẹ tẹ èyí sí E3: =E2+C3-D3. Ẹ fà á wálẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tó bá wọlé àti ohun tó bá jáde nìkan lẹ ó máa kọ, á máa ṣírò ìyókù fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ti ń fi ọpọlọ ṣe ni. Ọmọ tó mọ Excel pọ̀ ní Ìkẹjà, tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ wo ẹ̀yìn páléètì. Tiyín ló máa tètè yé yín.

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́

Ìbéèrè yín lọ́gbọ́n nínú. Ọjọ́ kan péré ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì ní kó fún yín lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ni kí ẹ ti kà á, kí òun tàbí ìyàwó rẹ̀ dúró tì yín. Ìyẹn á pa ọ̀rọ̀ amí rẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ fi ibi tó ti dín hàn án. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti bí ẹ ó ṣe dí i pa, iṣẹ́ tó máa gbà yín sí nìyẹn, ẹ má tíì sọ ọ́. Bó bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Awakọ̀ tó mú yín wá á gbọ́, á mú yín lọ sí ibòmíràn.

Ti owó: ₦70,000 ni òfin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù láti oṣù keje 2024, ìjọba Èkó sì gbà ní 2024 láti san ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń wí ṣe rí. Ẹ̀yin lẹ máa dúnàádúrà. Ẹ má gba ohun tó bá kéré sí ₦85,000 lọ́wọ́ ẹni tó ní tírélà méjì. Ẹ jẹ́ kó fi owó ọkọ̀ láti Ìgbógbó sí i lọ́tọ̀, torí ọ̀nà méjì ni, ẹ ó dé Sábó kí ẹ tó wọ ọkọ̀ míì.

Obìnrin kan wà tó ní dípò sìmẹ́ńtì lọ́nà Ìmọ̀tà. Ìjẹta ni awakọ̀ kan ń sọ fún mi pé ó ti pààrọ̀ ọmọ sítọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Mo máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi CV yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má fi nọ́ńbà yín síta níbí.

Ìyá Sítọ́ọ̀, Ìgbógbó

Mo ti fi ránṣẹ́, sà. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń já sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ wá.

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́

Túsìdeè àti Fúráìdeè, láti aago mẹ́fà àárọ̀. Túsìdeè tó ń bọ̀ ni mo bá wọn fẹnu kò sí. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ohun tí ẹ ó fi bo imú dání, eruku ibẹ̀ pọ̀.